Ìwé Ọ̀fẹ́ fún Ọmọ Tí Kò Ní Ìwé Nílé: Àgbéyẹ̀wò láti Àgọ́ Palace

Ẹni tó bá fẹ́ fi ìwé ta ọmọdé lọ́rẹ ní Èkó kò ní wá ìwé tì, kò sì ní wá ọmọ tì. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń di àríyànjiyàn ni ọ̀nà tí ìwé yóò gbà kúrò lọ́wọ́ olóore dé ọwọ́ ọmọ, ẹni tí yóò ni ín tó bá débẹ̀, èdè tí yóò wà nínú rẹ̀, àti ẹni tí yóò jókòó ti ọmọ náà kà á. Ọjọ́ ti pẹ́ tí ìjọba, ilé ìfowópamọ́, àjọ aláàánú àti olùkọ́ ti ń dáhùn ìbéèrè wọ̀nyí, ìdáhùn wọn kò sì jọra. A fẹ́ tò wọ́n sílẹ̀ níbí, kí ẹni tó ní owó tàbí àkókò láti yọ̀ǹda lè mọ ohun tó ń rà.

UNICEF ti sọ pé ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ọmọ Nàìjíríà tó wà láàárín ọdún 7 sí 14 ni kò lè ka gbólóhùn kékeré kó sì yé wọn. Àjọ yìí kan náà, tó bá ń lọ láti ilé dé ilé láti mọ bí ayé ṣe rí fún àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, a máa béèrè bóyá ìwé ọmọdé mẹ́ta, ó kéré tán, wà nínú ilé. Mẹ́ta péré ni wọ́n ń béèrè, síbẹ̀ ilé tó ní in kò wọ́pọ̀ rárá.

Àgọ́ Palace, ní ìjọba ìbílẹ̀ Òṣòdì-Ìsọlọ̀, yẹ fún irú àyẹ̀wò yìí nítorí pé kì í ṣe abúlé tí ọwọ́ ìjọba kò tó, kì í sì í ṣe Ìkòyí. Ilẹ̀ Àwórì ni látilẹ̀wá, àmọ́ Ìgbò tó ń gbé ibẹ̀ pọ̀ gan-an, Yorùbá láti ìlú gbogbo náà ń bẹ, Pidgin ni wọ́n sì fi ń bára wọn nájà. Ẹ̀sìtéètì tó ní géètì àti ilé oníyàrá kọ̀ọ̀kan tí ayálégbé kún fọ́fọ́ jọ wà ládùúgbò kan náà. Ilé-ìwé aládàáni sì pọ̀ níbẹ̀ bíi ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tí wọ́n ka irú ilé-ìwé bẹ́ẹ̀ ní gbogbo Ìpínlẹ̀ Èkó ní 2010 sí 2011, wọ́n rí 12,098, ó sì hàn pé àwọn ọmọ tó ń lọ síbẹ̀ ju ìdajì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìpínlẹ̀ náà lọ.

Kókó kan tún wà tí àwọn tó ń kó ìwé wá láti òkèèrè kì í sábà rí. Ilé tí a ń pè ní aláìníwèé níbí kì í sábà ṣe ilé tí kò ní bébà rárá. Gbogbo oṣù kẹsàn-án ni òbí ń gba lísìtì ìwé láti ilé-ìwé, wọ́n á sì fi gbèsè rà á. Púpọ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ ìwé tí ọmọ yóò kọ ìdáhùn sínú rẹ̀, tí àbúrò kò ní lè jogún. Ohun tí ilé náà kò ní ni ìwé ìtàn àti ìwé aláwòrán tí ẹnikẹ́ni kò ní fi ṣe ìdánwò. Bí a ṣe ń yẹ ọ̀nà kọ̀ọ̀kan wò, ó dára ká máa bi ara wa pé irú ìwé wo ló ń gbé wá.

Kí ìjọba gbé e gba ilé-ìwé

Èrò yìí ló pẹ́ jù láàárín wa. Láti ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1955, tí ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́, ni Yorùbá ti ka ẹ̀kọ́ ọmọ sí gbèsè tí ìjọba jẹ. Ẹgbẹ́ òṣèlú UPN sọ ọ́ dọ̀tun ní 1979, gómìnà Lateef Jákàńdè sì mú un ṣẹ ní Èkó. Òfin Universal Basic Education ti 2004 ló wá sọ ọ́ di ti gbogbo orílẹ̀-èdè, apá kan sì wà nínú owó tí àjọ UBEC fi ń ran àwọn ìpínlẹ̀ lọ́wọ́ tó jẹ́ ti ìwé.

Agbára èrò yìí ni pé kò sí àjọ tí apá rẹ̀ gùn tó ti ìjọba. Ẹni tó ń ra ìwé lọ́pọ̀ yanturu lè já iye owó rẹ̀ wálẹ̀ gidi, ọ̀nà ìpínkiri ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, ọmọ kò sì ní na ọwọ́ sí ẹnikẹ́ni bí alágbe, nítorí ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni.

Ṣùgbọ́n ní Àgọ́ Palace, ìwé tó bá gba ilé-ìwé ìjọba nìkan yóò fo ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ. Kì í ṣe olówó nìkan ló ń fi ọmọ sí ilé-ìwé aládàáni. Àwọn tó ń ta ata àti àwọn tó ń wa kẹ̀kẹ́ Márúwá ń san owó ilé-ìwé kéékèèké tó wà lókè ṣọ́ọ̀bù, bóyá nítorí pé ti ìjọba jìnnà tàbí nítorí pé èrò ti pọ̀ jù níbẹ̀. Orúkọ ọmọ wọn kò sí nínú lísìtì ẹnikẹ́ni tó ń pín ìwé.

Ìṣòro kejì wá láti inú ìwádìí. Ní Busia, ní ìwọ̀-oòrùn Kenya, Paul Glewwe, Michael Kremer àti Sylvie Moulin tọ ipa ètò kan tó fún àwọn ilé-ìwé ní ìwé ìkẹ́kọ̀ọ́ lọ́fẹ̀ẹ́ láti 1996. Nínú àbájáde tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2009, àwọn ọmọ tó ti mọ̀wé dáadáa tẹ́lẹ̀ ló jèrè; máàkì àwọn yòókù kò mì. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ àwọn ìwé náà, èdè kẹta sì ni Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ fún ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ní Sierra Leone ẹ̀wẹ̀, Shwetlena Sabarwal, David Evans àti Anastasia Marshak sọ ní 2014 pé ìwé dé ilé-ìwé lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn alákòóso kó púpọ̀ nínú rẹ̀ pamọ́, nítorí kò dá wọn lójú pé òmíràn yóò tún dé. Ẹni tó bá ti rí kọ́bọ́ọ̀dù ọ́fíìsì ọ̀gá ilé-ìwé níbí rí kò ní bínú sí wọn jù.

Àwọn tó dúró lórí èrò yìí ní èsì. Wọ́n ní Busia kò dá ìwé lẹ́bi, bí kò ṣe ìwé tó ga ju orí ọmọ lọ. Wọ́n a tọ́ka sí Bauchi àti Sókótó, níbi tí wọ́n ti pín ìwé *Mu Karanta!* lédè Hausa fún àwọn ọmọ ilé-ìwé lọ́fẹ̀ẹ́, kí ọmọ fi èdè ìyá rẹ̀ kọ́ ìwé kíkà. Èsì náà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Àmọ́ owó USAID ló gbé ìyẹn ró, ìjọba Amẹ́ríkà sì ti tú USAID ká ní 2025.

Ìwé tòkunbọ̀

Ní 1954, Hermione Ranfurly, ìyàwó gómìnà Bahamas nígbà náà, bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìwé láti Ìlú Ọba wá fún àwọn tí kò ní. Iṣẹ́ yẹn ló di Book Aid International lónìí. Ní Minnesota ní Amẹ́ríkà, Books For Africa bẹ̀rẹ̀ ní 1988, ìwé tó ti fi ránṣẹ́ sí ilẹ̀ Áfíríkà sì ti tó ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù. Àwọn ìjọ wa ní Peckham àti Houston náà ń kó ìwé jọ ní tiwọn, wọ́n ń fi ránṣẹ́ sílé pẹ̀lú aṣọ àti bàtà.

Èrò wọn rọrùn láti lóye: níbì kan ìwé ti pọ̀ débi pé wọ́n ń dà á nù, níbòmíràn kò sí. Ẹ gbé e láti ibí lọ sí ọ̀hún. Ìwé aláwòrán tó dúró dáadáa, tí owó rẹ̀ yóò ga ju agbára òbí lọ bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ níbí, lè dé ọwọ́ ọmọ Ìsọlọ̀ láìná ju owó ọkọ̀ ojú omi àti ti èbúté lọ. Kọ̀ǹtéénà tó bá sì já ní Àpápá yóò gba Cele kọjá lójú ọ̀nà márosẹ̀ Òṣòdì, tí kò jìnnà sí Àgọ́ Palace.

Àtakò tí wọ́n ń ṣe sí i pín sí méjì, ọ̀kan sì lágbára ju èkejì lọ. Àwọn kan ní ìwé tó kún fún yìnyín àti ajá tó ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì kì í ṣe ti ọmọ wa. Èyí kò wọ̀ mí lára tó bẹ́ẹ̀. Ọmọdé fẹ́ràn ohun àjèjì, ìtàn ìjàpá pàápàá kún fún ohun tí ojú ẹnikẹ́ni kò rí rí. Àtakò kejì ló ṣòro láti dá lóhùn: ìwé ọ̀fẹ́ láti òkèèrè ń gba ọjà lọ́wọ́ òǹkọ̀wé àti atẹ̀wétà tó wà nílé. Ta ni yóò ra ìwé ìtàn tí wọ́n tẹ̀ ní Ìbàdàn nígbà tí àpótí tòkunbọ̀ wà nílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́? Book Aid International gbìyànjú láti tún ìhà kan ṣe, nítorí ìwé tuntun láti ọwọ́ àwọn atẹ̀wétà ló sábà ń fi ránṣẹ́ báyìí, dípò àlòkù. Ìyẹn wẹ ìwé mọ́. Kò mú ìṣòro ọjà kúrò.

Ilé ìkàwé àti ọkọ̀ ìkàwé

Èrò kẹta sọ pé kò yẹ ká máa fi ìwé fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, ká kó wọn síbì kan kí ọ̀pọ̀ ọmọ máa yá wọn kà. Nàìjíríà ti wà nídìí èyí tipẹ́. Ní 1959, Enugu ni UNESCO fi ṣe àpẹẹrẹ ilé ìkàwé gbogbogbòò fún ilẹ̀ Áfíríkà, ọkọ̀ ìkàwé sì wà lára rẹ̀. Ní Accra, Kathy Knowles, ará Canada, bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé fún àwọn ọmọ àdúgbò nínú ọgbà rẹ̀ ní 1990; lọ́dún 1992 ó sọ kọ̀ǹtéénà di ilé ìkàwé ní Osu, àjọ tó dá sílẹ̀ sì ti gbilẹ̀ kọjá ibẹ̀. Ní Èkó, ilé ìkàwé ọ̀fẹ́ ZODML wà ní Ìkòyí, wọ́n sì ń bá ilé-ìwé ìjọba dá tiwọn sílẹ̀. Fúnmi Ìlọ̀rí, olùkọ́ tẹ́lẹ̀, fi owó ìrànwọ́ YouWiN ti ìjọba àpapọ̀ ra ọkọ̀, ó sọ wọ́n di iRead, ilé ìkàwé tó ń lọ bá ọmọ níbi tó wà.

Ìṣirò wọn dùn mọ́ni: ìwé kan tí ogún ọmọ bá kà ti di ogún ìwé. Ilé ìkàwé tún ń fún ọmọ ní ohun tí yàrá kan tí ènìyàn mẹ́fà ń gbé kò ní, ìyẹn tábìlì, iná àti ìdákẹ́jẹ́. Mi ò rò pé àwọn tó ń kọ̀wé lórí ọ̀rọ̀ yìí ka èyí sí tó. Fún ọmọ ilé oníyàrá kọ̀ọ̀kan, àyè ìkàwé lè ṣọ̀wọ́n ju ìwé lọ.

Àléébù rẹ̀ wà níbi ìrìn. Ìkòyí jìnnà sí Ìsọlọ̀ ju bí máàpù ti fi hàn lọ, ọmọ ọdún mẹ́jọ kò sì ní dá sọdá títì Àgọ́ Palace láàárín kẹ̀kẹ́ àti dáńfó. Ọkọ̀ ìkàwé yanjú ìyẹn, àmọ́ epo, dírẹ́bà àti súnkẹrẹ-fàkẹrẹ wà lọ́rùn rẹ̀ lójoojúmọ́. Ẹni tó ń ṣọ́ ìwé a sì máa bẹ̀rù kó má sọnù. Ìbẹ̀rù yìí ló ń sọ ilé ìkàwé di ibi tí wọ́n ti ń ti ìwé mọ́lé. Ní Karnataka ní India, àwọn olùwádìí wo ètò ilé ìkàwé tí àjọ Akshara dá sílẹ̀ fún àwọn ilé-ìwé, wọn kò sì rí i pé máàkì èdè àwọn ọmọ náà ga sí i. Àwọn tó fẹ́ràn ilé ìkàwé yóò ní kì í ṣe máàkì ni wọ́n dá a sílẹ̀ fún, òótọ́ sì ni. Àmọ́ nígbà náà, kí wọ́n sọ ohun tí a óò fi wọ̀n ọ́n.

Kí ìwé di ti ọmọ fúnra rẹ̀

Ìhín ni ọ̀rọ̀ ti le jù, nítorí ìhín ni èrò ti ya ara wọn pátápátá. Ní 1992, ní Birmingham, ètò Bookstart fún àwọn ìdílé 300 tó ní ọmọ ọwọ́ ní ìwé nípasẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera. Nígbà tó yá ó kárí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní Boston, láti 1989, àwọn dókítà Reach Out and Read ń fi ìwé lé òbí lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n bá gbé ọmọ wá fún àyẹ̀wò. Ní 1995, olórin Dolly Parton, tí bàbá rẹ̀ kò mọ̀wé kà, bẹ̀rẹ̀ Imagination Library ní Tennessee: ìwé kan lóṣooṣù, láti ìgbà ìbí títí ọmọ yóò fi pé ọdún márùn-ún, pẹ̀lú orúkọ ọmọ lára rẹ̀. Ìwé tó ti pín ti kọjá 200 mílíọ̀nù.

Níbí, UBA Foundation ń pín ìwé ìtàn àwọn òǹkọ̀wé Áfíríkà fún akẹ́kọ̀ọ́ girama nínú ètò Read Africa, akẹ́kọ̀ọ́ a sì máa mú un lọ sílé. Ẹ̀bùn náà dára. Àmọ́ ọmọ girama ló ń bá. Ọjọ́ orí tí Bookstart àti Dolly Parton dojú kọ ti kọjá lára rẹ̀ tipẹ́.

Ìdí tí wọ́n fi tẹnu mọ́ níní ni pé ìwé tí ọmọ ni ín lè ya, ó lè sùn tì í, ó lè kà á nígbà ogún títí yóò fi mọ̀ ọ́n sórí. Àtúnkà yìí ni ọmọdé fi ń mọ̀wé. Wọ́n tún ní ẹ̀rí ńlá kan lọ́wọ́. Ní 2010, Mariah Evans àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ fi ìwádìí orílẹ̀-èdè 27 hàn pé ọmọ tó dàgbà nínú ilé tó ní ìwé bíi 500 ń lo nǹkan bí ọdún mẹ́ta sí i nílé-ìwé ju ọmọ ilé aláìníwèé lọ.

Ẹ̀rí yẹn ni àwọn alátakò dì mú. Ilé tó ní ìwé 500 ní òbí tó ra ìwé 500. Ẹni tó bá fún ọmọ ní ìwé kò fún un ní irú òbí bẹ́ẹ̀. Ó tún wà níbẹ̀ pé ọ̀nà tí Dolly Parton gbà kò sí lọ́dọ̀ wa: ní Tennessee, ìwé ń gba ọwọ́ oníwèé-ìránṣẹ́ dé ẹnu ọ̀nà, ní Àgọ́ Palace, ta ló ń retí NIPOST lẹ́nu ọ̀nà? Ìwé tó wọ yàrá tí àgbàrá ń wọ̀ nígbà òjò kì í pẹ́ níbẹ̀. Owó ìwé kan fún ọmọ kan lóṣooṣù sì ju ohun tí àjọ kékeré lè gbé lọ. Ní Ìlú Ọba pàápàá, ní oṣù Kejìlá 2010, ìjọba kéde pé òun yóò gé owó Bookstart kúrò. Ariwo àwọn òǹkọ̀wé ló mú kí wọ́n yí ohùn padà láàárín ọjọ́ díẹ̀.

Lójú tèmi, ohun tó wúlò jù tí èrò yìí kọ́ wa ni ọ̀nà ìlera. Ìyá tó ń fi ọmọ sí ilé-ìwé aládàáni àti èyí tó ń fi sí ti ìjọba, Ìgbò àti Yorùbá, gbogbo wọn ló ń gbé ọmọ lọ fún abẹ́rẹ́ àjẹsára, pẹ̀lú káàdì tí wọ́n kọ orúkọ ọmọ sí. Kò sí ọ̀nà mìíràn nínú àgbéyẹ̀wò yìí tó kan gbogbo ọmọ àdúgbò bẹ́ẹ̀. Ìdíwọ́ rẹ̀ ni pé nọ́ọ̀sì ti níṣẹ́ tó, ẹni tó bá sì gbé iṣẹ́ ìwé lé e lórí láìfi ènìyàn kún un yóò rí ìwé náà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní oṣù tó ń bọ̀.

Ríra ìwé lọ́wọ́ àwọn atẹ̀wétà ilé

Èrò yìí gba àtakò tí wọ́n ṣe sí ìwé tòkunbọ̀, ó sì sọ ọ́ di ètò. Olóore kò ní kó ìwé wá láti òkè òkun, bí kò ṣe pé kó ṣèlérí fún atẹ̀wétà ilé pé òun yóò ra iye kan, kó sì pín in lọ́fẹ̀ẹ́. Ní Tanzania, Children's Book Project, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1991 pẹ̀lú ìrànwọ́ àjọ CODE ti Canada, máa ń ra ẹ̀dà 3,000 nínú ìwé Swahili tí wọ́n bá tẹ̀ ní 5,000. Atẹ̀wétà á máa ta èyí tó kù. Ẹ̀bùn ìwé tí wọ́n ń pè ní Burt Award tẹ̀lé ìlànà kan náà nígbà kan ní Ghana àti àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn: ìwé tó gba ẹ̀bùn rí olùrà, àwọn ilé-ìwé sì rí ìwé.

Àwọn tó lè kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ kò wọ́n wa. Mabel Segun dá ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lórí ìwé ọmọdé sílẹ̀ ní Nàìjíríà ní 1978, òun àti Akachi Adimora-Ezeigbo ló sì jọ pín ẹ̀bùn lítíréṣọ̀ NLNG ti 2007, ọdún tí ẹ̀bùn náà kan ìwé ọmọdé. Segun kú ní 2025. Ohun tó wọ́n wa ni olùrà tó dájú.

Ibi tí èrò yìí ti mẹ́hẹ ni owó bébà. Ilé-iṣẹ́ bébà tó wà ní Ìwópin ní Ìpínlẹ̀ Ògùn ti dákẹ́ tipẹ́, bébà ń gba dọ́là wọlé, àwọn atẹ̀wétà wa kan sì ń lọ tẹ ìwé ní China tàbí India nítorí pé ó dín owó kù. Ìwé ọ̀fẹ́ tiwa lè wọ́n ju ti òkèèrè lọ. Ewu kejì ni pé atẹ̀wétà tó ti mọ̀ pé ìgbìmọ̀ kan yóò ra ìwé òun lè máa kọ̀wé fún ìgbìmọ̀, kó gbàgbé ọmọ. Ẹ̀kọ́ ìwà a pọ̀, ẹ̀rín a tán.

Fóònù

Ìlérí rẹ̀ pọ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò sì gùn. African Storybook láti South Africa ní 2014, àti StoryWeaver láti India ní 2015, kó ìtàn ọmọdé sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, Yorùbá wà lára èdè wọn, ẹnikẹ́ni sì lè tẹ̀ wọ́n sórí bébà láìtọrọ àṣẹ. Worldreader ti ṣáájú wọn láti 2010, ó kó ẹ̀rọ ìkàwé Kindle lọ sí àwọn ilé-ìwé Ghana. Nínú àyẹ̀wò àkọ́kọ́, nǹkan bíi mẹ́rin nínú mẹ́wàá ló bàjẹ́, wọ́n sì yíjú sí fóònù. Fóònù ilé, ti bàbá tàbí ìyá ni. Ọjà ni wọ́n fi ń ná, ọmọ yóò rí i gbà lálẹ́ bí dátà àti iná bá ṣẹ́ kù. OkadaBooks, tó ń ta ìwé Nàìjíríà lórí fóònù láti 2013, ti ilẹ̀kùn ní ìparí oṣù kọkànlá 2023. Ibi tí mo ti rí ìlò rẹ̀ gidi ni ti títẹ̀: olùkọ́ tó bá ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lè sọ ìtàn ọ̀fẹ́ di ìwé kékeré fún kíláàsì.

Ta ni yóò kà á fún un?

Àwọn kan gbà pé gbogbo èrò òkè wọ̀nyí ń bẹ̀rẹ̀ níbi tí kò yẹ. Ìwé kì í ka ara rẹ̀. Ní ẹkùn Tarlac ní Philippines, ètò Sa Aklat Sisikat fún àwọn ilé-ìwé ní ìwé ìtàn, ó kọ́ olùkọ́ bí a ti ń lò ó, ó sì fi ọjọ́ 31 ṣe ìdíje ìwé kíkà. Nínú ìwádìí tó kan ilé-ìwé 100, ìwé kíkà àwọn ọmọ náà sunwọ̀n sí i, wọ́n sì ń kàwé púpọ̀ sí i. Ní ìgbèríko Kenya, wọ́n fún òbí ní ìwé aláwòrán lédè wọn, wọ́n sì kọ́ wọn bí a ti ń bá ọmọ sọ̀rọ̀ lórí àwòrán. Àwọn ọmọ jèrè, àwọn tí òbí wọn kò mọ̀wé kà náà sì wà lára wọn.

Àbájáde kejì yìí yẹ kó mú orí Yorùbá wú. Ìyá tó mọ àlọ́ pa kò nílò ábídí kó tó fi àwòrán ẹyẹ bi ọmọ ní ìbéèrè. Ṣùgbọ́n ìyá tó kúrò nílé ní aago márùn-ún àárọ̀, tó sì dé ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, kò ní wákàtí láti fi ṣe é. Ní Àgọ́ Palace, ẹni tó sún mọ́ ọmọ jù lọ ní ìrọ̀lẹ́ lè jẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tàbí tíṣà tó ń ṣe "lesson" fún wọn, tàbí olùkọ́ Sunday School àti ti ilé-kéwú. Ìrànwọ́ tó bá fẹ́ tẹ̀lé èrò yìí yóò náwó sí ènìyàn ju ìwé lọ, owó oṣù ènìyàn kì í sì í tán bí owó ìwé ti ń tán. Ìdí nìyí tí àwọn olóore fi ń sá fún un. Fọ́tò àpótí ìwé rọrùn láti yà.

Èdè wo?

Ìbéèrè yìí gba inú gbogbo èyí tó ṣáájú kọjá. Ní 1970, Babs Fáfúnwá àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's, Ilé-Ifẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan láàárín wọn. Àwọn ọmọ yẹn kò rẹ̀yìn sí ẹgbẹ́ wọn, kódà nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà èdè ìyá fún ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní 2022. Ní oṣù kọkànlá 2025, mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Túnjí Alausa, kéde pé wọ́n ti fagi lé e.

Fún àwọn tó ń pín ìwé ní Ifẹ̀ tàbí Ìṣẹ́yìn, ẹ̀rí Fáfúnwá tó. Ní Àgọ́ Palace, èdè ìyá ta ni? Ọmọ Ìgbò tó jókòó ti ọmọ Ìjẹ̀ṣà ní kíláàsì kan náà ní èdè ìyá tirẹ̀, Pidgin ni wọ́n fi ń ṣeré, Gẹ̀ẹ́sì ni òbí méjèèjì sì ń sanwó fún. Ìwé Yorùbá nìkan yóò ta kíláàsì náà sí méjì. Ìwé Gẹ̀ẹ́sì nìkan yóò tún àṣìṣe Busia ṣe. Ìwé tó gbé èdè méjì síwájú ara wọn wà: ní London, Mantra Lingua ń tẹ ìwé ọmọdé ní Gẹ̀ẹ́sì àti Yorùbá lójú ewé kan náà. Pé London la ti ń rí irú rẹ̀ rà wọ́ọ́rọ́ jẹ́ ohun tó yẹ kí àwọn atẹ̀wétà Ìbàdàn gbọ́.

Ohun tí kò tíì yanjú

Àwọn ìwádìí tí a fi ń jiyàn wá láti ìgbèríko Kenya, láti Tarlac àti Karnataka, àti láti ìlú Birmingham tí ìlera rẹ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó wáyé ní àdúgbò ìlú ńlá tí ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń lọ sí ilé-ìwé aládàáni kéékèèké, tí èdè mẹ́ta sì ń jà nínú kíláàsì. Ohun tí wọ́n rí lè wọ̀ wá, ó sì lè má wọ̀ wá.

Iye ìwé tó yẹ kó dé ọwọ́ ọmọ kí nǹkan tó yí padà ṣì wà nínú àríyànjiyàn: UNICEF ń ka mẹ́ta, Dolly Parton ń fi ọgọ́ta ránṣẹ́, ìwádìí orílẹ̀-èdè 27 ń sọ̀rọ̀ ọgọ́rùn-ún márùn-ún. Bí owó bá sì tó ìwé ọgọ́rùn-ún péré, a kò tíì mọ èyí tó dára jù nínú fífún ọgọ́rùn-ún ọmọ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan àti dídá àpótí ìyáwèé kan sílẹ̀ fún òpópónà kan. Mo tẹ̀ sí ìhà ìwé tí ọmọ ni, tí wọ́n rà lọ́wọ́ atẹ̀wétà ilé, tó sì gba ibi abẹ́rẹ́ àjẹsára dé ilé. Àmọ́ ẹni tó bá sọ pé àyè ìkàwé ni ọmọ oníyàrá kan nílò jù kò tíì gba èsì tó tẹ́ ẹ lọ́rùn lọ́wọ́ mi.

Ọ̀rọ̀ ilé-ìwé aládàáni náà wà nílẹ̀. Ṣé ó yẹ kí owó ìjọba ra ìwé fún ọmọ tó wà nílé-ìwé tí ẹnìkan dá sílẹ̀ láti fi jèrè? Àwọn kan ní ọmọ ni wọ́n ń fún, wọn kò fún onílé-ìwé. Àwọn mìíràn ní onílé-ìwé yóò kọ ìwé ọ̀fẹ́ náà sínú lísìtì oṣù kẹsàn-án, yóò sì tà á fún òbí. Méjèèjì lè ṣẹlẹ̀ ní òpópónà kan náà, àjọ tó bá sì fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Àgọ́ Palace yóò ní láti mú ọ̀kan kó tó ra ìwé àkọ́kọ́.